Ọjọ́ mẹ́ta ní Ouidah: Ìlú etíkun tí ayọ̀ àti ẹkún jọ ń gbé

Àjò kì í dùn dùn dùn kí onílé má relé. Tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Yorùbá ló mọ òwe yìí, a sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí àlejò bá pẹ́ jù níbi àríyá. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà létí òkun, tí kò jìnnà sí Èkó, tí òwe náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ouidah ni wọ́n ń pè é. Lórí iyanrìn etíkun ìlú náà ni ẹnubodè ńlá kan dúró sí, tí wọ́n sọ ní Ẹnubodè Àìpadàbọ̀. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá láyé ọjọ́un kì í ṣe aláìnílé. Wọ́n ní baba, wọ́n ní ìyá, wọ́n ní oríkì. Onílé ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò relé mọ́.

Ìlú yìí kan náà ni èrò ń wọ́ lọ lónìí láti lọ najú. Wọ́n ń lọ jẹ ẹja, wọ́n ń lọ mu omi àgbọn, wọ́n ń lọ jókòó sábẹ́ igi kí atẹ́gùn òkun lè fẹ́ sí wọn lára. Bí oṣù kìn-ín-ní ọdún bá sì dé, tí ọjọ́ kẹwàá rẹ̀ ń súnmọ́lé, ìlú náà a kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà, Brazil, Haiti àti ilẹ̀ Faransé a máa fi èjìká gún ara wọn pẹ̀lú àwọn tó ti Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Èkó wá. Ayọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ẹkún ń bẹ níbẹ̀, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbé. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́, tí ó sì fẹ́ mọ ibi tí apá kan nínú ìtàn rẹ̀ fara pamọ́ sí, kò gbọdọ̀ ṣàì dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á mú ẹ̀yin òǹkàwé wa rin ìrìn náà lọ́sẹ̀ yìí, kí á sì bi ara wa ní ìbéèrè kan tí ó pẹ́ tí a ti ń sá fún.

Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, àmọ́ ó gba sùúrù

Láti Èkó, ọ̀nà Àgbádárìgì ni èèyàn yóò gbà títí dé Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Bí ó bá ti ré ibẹ̀ kọjá, Kútọnu ló kàn. Láti Kútọnu sí Ouidah kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ, ní ìhà ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Lomé. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni títì ọlọ́dà ńlá tí ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ èrò ń ná. Èkejì ni ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní Route des Pêches, ìyẹn ọ̀nà àwọn apẹja. Ẹni tí kò bá kánjú, ọ̀nà etíkun ni kí ó gbà. Òkun yóò wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igi àgbọn yóò sì tò lọ rẹrẹ bí ọmọ ogun.

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà kí ó tó wọ Benin, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọwọ́ bọ̀ ní 1979 pé kí àwọn ọmọ wọn máa rìn láàrin ara wọn fàlàlà. Ṣùgbọ́n kí ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, kí ó sì mú káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ìwé tó pé ló ń dín ariwo kù lẹ́nu ibodè. A kò ní gbàgbé pé nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní ẹbí lápá ọ̀tún àti lápá òsì ààlà náà ló rí i pé ìlà tí òyìnbó fà sórí ilẹ̀ ṣì lágbára ju okùn ìbátan lọ.

Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Èdè Faransé ni ti ìjọba, Fọ̀n ni èdè òpópónà, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Ẹ̀gùn Àgbádárìgì yóò máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwa Yorùbá, Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Ọ̀kadà tiwọn ń jẹ́ zémidjan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ gbé-mi-kíá. Kí èèyàn ti bá ọlọ́kadà ná owó kí ó tó gùn ún, nítorí àlejò lojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: Àárín ìlú

Ohun tí yóò kọ́kọ́ ya àlejò lẹ́nu ni pé ilé òrìṣà òjòlá àti ilé ìjọsìn ńlá ti ìjọ Kátólíìkì kọjú síra wọn gbàgà, títì àti gbàgede nìkan ló là wọ́n láàrin. Lápá kan, agogo ń lù, wọ́n ń kí Màríà. Lápá kejì, ejò òjòlá ká rọbọtọ sórí ilẹ̀, aláwo sì ń gbé e kọ́ ọrùn àlejò tó bá láyà. Òjòlá wọ̀nyí kì í bu èèyàn ní oró. Bí wọ́n bá jáde lálẹ́ tí wọ́n wọ ilé onílé, ẹnikẹ́ni kì í pa wọ́n, ńṣe ni wọ́n rọra ń gbé wọn padà. Dangbe ni wọ́n ń pe òrìṣà náà, ti àwọn Hueda sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ogun Dàhòmì tó gbà á.

Àwọn Hueda yìí ní olú ìlú wọn ní Savi, ìrìn wákàtí díẹ̀ sí Ouidah. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọba wọn kan, Kpassè, kò kú, pé ó di igi ìrókò ni. Igbó tí igi náà wà ṣì wà láàrin ìlú títí dòní, wọ́n sì ti gbẹ́ ère àwọn òrìṣà sí inú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá wọ ibẹ̀ kò ní ṣe àjèjì. Legba tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, Èṣù Ẹlẹ́gbára wa ni. Gu tó di irin mú, Ògún ni. Hevioso tó ń sán àrá ń ṣe iṣẹ́ Ṣàngó, Sakpata sì ni Ṣànpọ̀nná. Fá tí wọ́n ń dá, Ifá ni. Gbe-Meji tiwọn ni Èjì Ogbè wa, Yeku-Meji sì ni Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Bí babaláwo Ọ̀yọ́ àti bokọnọ Ouidah bá pàdé, èdè lè yà wọ́n, Odù kò ní yà wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí èèyàn lọ sí odi àwọn Pọtogí. Ọdún 1721 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé náà ní odi tiwọn nínú ìlú yìí kan náà, nítorí pé ọjà ẹrú tó wà níbẹ̀ tóbi débi pé orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan ṣoṣo kò lè dá gbé e. Ní 1727, Agaja ọba Dàhòmì kógun ti Hueda, ó sì gba èbúté náà. Láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ ọba Abomey ti wà lórí òwò náà. Àwọn Pọtogí kò kúrò nínú odi wọn títí di 1961, lẹ́yìn tí Dàhòmì ti gba òmìnira ní 1960. Nígbà tí ìjọba tuntun lé wọn, wọ́n dáná sun ibẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Nígbà tó yá ni wọ́n tún un kọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Láti ibẹ̀, kí èèyàn rìn dé àdúgbò àwọn Brazil. Ẹni tó mọ Popo Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò rò pé òun kò tíì kúrò nílé: fèrèsé onígi, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọnà ara ògiri, àti orúkọ bíi de Souza, da Silva. Francisco Félix de Souza, tí wọ́n bí ní Bahia, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ó ran Gezo lọ́wọ́ láti gorí oyè Dàhòmì ní 1818, Gezo sì fi í jẹ oyè Chacha, ó di aṣojú ọba nínú òwò Ouidah. Ó kó ẹrú títí ó fi di olówó ńlá. Ọdún 1849 ló kú. Ìdílé rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ṣì ń jẹ oyè Chacha, ojúde tí wọ́n ti ń ta èèyàn sì ń jẹ́ orúkọ oyè náà.

Ọjọ́ kejì: Ọ̀nà tó lọ sí òkun

Láti ojúde Chacha dé etíkun jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4. Kí èèyàn má gun ọ̀kadà. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú.

Lójú ọ̀nà yìí ni wọ́n gbẹ́ ère sí lọ́tùn-ún lósì, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Cyprien Tokoudagba, ọmọ Abomey. Ibẹ̀ ni àmì Igi Ìgbàgbé wà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n tà máa ń yí igi náà po, ọkùnrin lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé orúkọ wọn, ilé wọn àti ẹni tó tà wọ́n. Ìtàn ẹnu ni, àwọn òpìtàn kò sì rí i nínú ìwé àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Síwájú sí i ni Zomaï, tí ó túmọ̀ sí ibi tí iná kì í dé, níbi tí wọ́n ní wọ́n ń há wọn mọ́ sínú òkùnkùn kí ọkọ̀ tó dé. Lẹ́yìn èyí ni Zoungbodji, tí ibi ìrántí àwọn tó kú kí wọ́n tó rí òkun wà. Igi mìíràn tún wà nítòsí, Igi Ìpadàbọ̀, tí wọ́n ní wọ́n ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀mí wọn, bí ara kò bá lè dé, lè rọ́nà wálé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Igi kan ní kí wọ́n gbàgbé, igi kejì ní kí wọ́n padà. Yálà ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìtàn tí ìlú bá ń sọ nípa ara rẹ̀ ń fi ohun tó ń dùn ún lọ́kàn hàn.

Ní òpin ọ̀nà náà, lẹ́yìn ọ̀sà, ni iyanrìn bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1995. Kò sí èbúté gidi níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ìgbì Ouidah le, ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ó ń dúró sí ọ̀ọ́kán, àwọn atukọ̀ a sì máa fi ọkọ̀ kékeré gbé àwọn èèyàn náà la ìgbì kọjá. Ọ̀pọ̀ ni omi gbé lọ níṣojú àwọn tó ń dúró de owó wọn. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí wọ́n kó ní Ouidah lé ní mílíọ̀nù kan. Ní gbogbo Áfíríkà, Luanda nìkan ló ju ú lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́yìn ni Kossola, tí òyìnbó sọ ní Cudjo Lewis. Ọmọ Nàgó ni, láti agbègbè Bantè. Ọmọ ogun Dàhòmì ló kó o, wọ́n mú un wá sí Ouidah, wọ́n sì tà á ní 1860 fún ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda, òun pẹ̀lú àwọn èèyàn bí ọgọ́rùn-ún àti mẹ́wàá. Òfin Amẹ́ríkà ti ka òwò náà léèwọ̀ láti 1808, nítorí náà wọ́n fi òru bojú kó wọn wọ Alabama, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àwókù rẹ̀ nínú odò. Lẹ́yìn òmìnira, Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà wálé, owó ọkọ̀ ni wọn kò rí. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kékeré dó, wọ́n sọ ọ́ ní Africatown. Ó kú ní 1935. Kò relé.

Ọjọ́ kẹta: Ìlù àti iyanrìn

Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní, èèyàn kò ní lè rin etíkun náà ní ìrọ̀rùn. Ọjọ́ ọdún ìṣẹ̀ṣe ni. Láyé ìjọba Mathieu Kérékou, ẹni tó kéde ìlànà Marx ní 1974, wọn kò fi ojú rere wo àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Nígbà tí Nicéphore Soglo di ààrẹ ní 1991, afẹ́fẹ́ yí padà. Ní oṣù kejì 1993, Ouidah gbàlejò àjọ̀dún ńlá tí wọ́n sọ ní Ouidah 92, tí àwọn ẹlẹ́sìn láti òkè òkun wá sí. Nínú àwọn ọdún 1990 yẹn náà ni ìjọba sọ ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní di ọjọ́ ìsinmi. Láti 2024, wọ́n tún ti sọ ọ́ di ayẹyẹ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tó ń fa àlejò láti ibi gbogbo.

Lọ́jọ́ náà, Daagbo Hounon, olórí àwọn ẹlẹ́sìn náà ní Ouidah, a máa kó èrò lọ sí etíkun. Zangbeto a máa yí bí òkòtó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń yí ní Àgbádárìgì. Egúngún a jáde pẹ̀lú aṣọ tó ń tàn yanran. Inú ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn yóò dùn síi nígbà tí ó bá rántí pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni Egúngún ti wọ ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú àwọn tó gbé e lọ kì í sì í ṣe àlejò tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo, kí ó lọ sí Djègbadji, abúlé orí ọ̀sà tó wà láàrin ìlú àti òkun. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe iyọ̀. Wọ́n a ha erùpẹ̀ oníyọ̀, wọ́n a dà á sínú agbọ̀n, wọ́n a da omi sí i kí ó máa kán, wọ́n a sì gbé omi rẹ̀ ka iná títí iyọ̀ yóò fi ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iṣẹ́ ńlá ni fún owó kékeré. Kí àlejò ra nínú rẹ̀, kí ó má kàn ya fọ́tò kí ó lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó wá àkàsà, ata lílọ̀ àti ẹja díndín. Ẹni tó mọ ògógóró yóò dá sodabi mọ̀ láti òkèèrè.

Àmọ́ ṣá o, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú òkun náà. Ìgbì tó le láyé àwọn ọkọ̀ ẹrú kò tíì rọ̀. Ó ń fa èèyàn láti ìsàlẹ̀, kì í sì í bi í bóyá ó mọ odò wẹ̀.

Ta ló tà wọ́n?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dé Ouidah ló ń bínú sí òyìnbó, wọ́n a sì tún bínú sí Dàhòmì. Kò burú. Dàhòmì kógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ó sì fọ́ Kétu ní 1886. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Láti 1730 ni ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń tẹ Dàhòmì lórí ba, Dàhòmì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin títí di àwọn ọdún 1820. Láàrin àkókò yẹn, Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ń ta ẹrú. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, Àjàṣẹ́ di ẹnu ọ̀nà tí oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń gbà kó wọn jáde. Nígbà tí Ọ̀yọ́ sì tú, tí ogun abẹ́lé gba ilẹ̀ kan, Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ta Yorùbá. Èkó jẹ́ èbúté ẹrú títí Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lù ú ní 1851.

Kí á tó fi Ouidah ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fi oyè aṣòwò ẹrú sọ ojúde ìlú, ẹ jẹ́ kí á rántí pé Ẹfúnróyè Tinúbú náà ṣòwò ẹrú, ojúde kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní àárín Èkó. Obìnrin yìí kan náà ló dúró gbágbágbá ti Abẹ́òkúta nígbà tí Dàhòmì dé ní 1864, tí wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Òtítọ́ ni èkínní, òtítọ́ ni èkejì. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó fi ọ̀kan pamọ́, kò tíì sọ ìtàn.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ohun tí Ouidah fi ju wá lọ nìyí: ó gbà láti rántí ní gbangba. Ó tẹ́ ìtìjú rẹ̀ sójú títì fún kìlómítà 4, ó sì ní kí ayé wá wò ó. Lóòótọ́, owó wà nínú rẹ̀. Ìjọba Benin ń ná owó sí etíkun náà nítorí àwọn arìnrìn-àjò, ìbéèrè sì wà nípa iye tí yóò kan obìnrin oníyọ̀ Djègbadji nínú èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Ní 2024, Benin ṣe òfin pé àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà lè di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí wọ́n kó jáde láìpadà ni wọ́n wá ń ṣílẹ̀kùn fún kí ọmọ rẹ̀ wọlé.

Àwa ńkọ́? Àgbádárìgì wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú àti ọ̀nà tirẹ̀ tó lọ sí òkun. Nàgó ni wọ́n ń pe ọmọ wa ní Bahia, Lukumí ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, wọ́n sì di Òrìṣà mú títí dòní. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń lọ sí iléèwé ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin ló lè sọ bí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣe dé ibẹ̀, àti ẹni tó gba owó lórí wọn? Bí a kò bá kọ́ wọn, a jẹ́ pé àwa náà ti gbin Igi Ìgbàgbé tiwa, a sì ń mú àwọn ọmọ wa yí i po.

Ẹ lọ sí Ouidah, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ ẹja, ẹ jó bí ìlù bá dùn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn tó ni ìlú náà ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ yín kan dání, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà dé etí omi. Bí ó bá bi yín pé ta ló ta àwọn èèyàn yìí, ẹ má ṣe dáhùn pé òyìnbó, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ìyókù fún un. Lẹ́yìn náà, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ yí padà, kí ẹ máa bọ̀ wálé, nítorí ẹ̀yin ní oore-ọ̀fẹ́ tí àwọn yẹn kò ní.